Bí mo ṣe pa "aUaUaU" lẹ́nu mọ́ nínú GNU Radio

Ọjọ́ méjì gbáko ni nǹkan yìí fi dá mi lágara. Mo fẹ́ fi GNU Radio, sọ́fúwíà tí a fi ń to búlọ́ọ̀kù pọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ìgbì rédíò àti ohùn, han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ìṣirò lásán dá ohùn sílẹ̀: Signal Source (búlọ́ọ̀kù tó ń pèsè ìgbì) méjì, ọ̀kan 350 Hz, èkejì 440 Hz. Tí a bá pa wọ́n pọ̀, ohùn tí tẹlifóònù ilé ní Amẹ́ríkà máa ń ní nígbà tí èèyàn bá gbé e sétí ni yóò jáde.

Kàkà kó dún geere, ṣe ló ń já wẹ́wẹ́ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Ojú tẹ́mínà kún fún aUaUaUaU. Mo di ẹ̀bi ru sípíkà, mo pààrọ̀ rẹ̀, pàbó.

"a" yẹn ni audio, "U" ni underrun: káàdì ohùn ń béèrè oúnjẹ, oúnjẹ ò tètè dé. Èmi náà ni mo fà á. Mo ti ki Throttle, búlọ́ọ̀kù tó ń dín eré iṣẹ́ kù, bọ àárín. Throttle wúlò nígbà tí kò bá sí ẹ̀rọ gidi tó ń darí eré iṣẹ́ náà, kí CPU má baà sáré àsápajúdé. Ṣùgbọ́n Audio Sink, búlọ́ọ̀kù tó ń gbé ohùn lọ sí káàdì ohùn, ti ní aago tirẹ̀, aago méjì yẹn ò sì bára mu. Mo yọ Throttle dànù. Mo tún yí samp_rate (iye ìgbà tí a ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kúrò ní 32000 tí mo bá níbẹ̀ sí 48000 tí káàdì mi ń lò, mo sì yan 48 kHz nínú Audio Sink.

Ó dún "húùùù", kò já mọ́. Ẹ dín Amplitude (bí ohùn ṣe ń le tó) kù sí 0.1 kí ẹ tó fi headphone sétí o. Etí tèmi ṣì ń hó.