Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ń jò lára ọkọ̀ àgbà

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà, bí rọ́bà afẹ́fẹ́ tó gbé ọkọ̀ yín dúró (kì í ṣe táyà o, èyí tó wà ní ipò sípíríǹgì ni) bá ti ń jò, tí ọkọ̀ náà sì ti dàgbà, ẹ má ra tókunbọ̀ rẹ̀ o. Ẹ yí i sí sípíríǹgì onírin, ọ̀tún àti òsì pọ̀. Rọ́bà máa ń sán bó bá pẹ́. Tókunbọ̀ ti gbó kó tó dé ọwọ́ yín. Bó bá sì ń jò, kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kò ní sinmi títí yóò fi jóná, ìnáwó á di méjì. Ẹ kọ́kọ́ ní kí mẹkáníìkì wọ́n omi ọṣẹ sí rọ́bà náà: ibi tó bá ń hó ló ń jò. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ láìfi igi tì í, ẹ jọ̀ọ́. Àmọ́ sípíríǹgì kò ní gbé ìdí ọkọ̀ sókè fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀, iná ìkìlọ̀ sì lè máa tàn.