Ẹ fẹ́ ṣe kúìsì ọdún 1960 fáwọn àgbà ilé yín? Bí mo ṣe ń ṣe é rèé

Lọ́dún 2025 ni màámi pé ọmọ ọdún 65, ọdún òmìnira gan-an ni wọ́n bí wọn, àwa ọmọ wá jókòó, a ní yàtọ̀ sí ìrẹsì àti aṣọ ẹbí ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan kan tó máa mú káwọn àgbà tó wá síbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n má kàn jókòó ti kúlà kí wọ́n máa wo àwọn ọmọdé tó ń jó. Èmi ni mo ní màá ṣe kúìsì nípa ọdún 1960. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, àṣé kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, àṣìṣe ṣì wà nínú ẹ̀. Mo ti ṣe é fún ẹbí méjì míì lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ti wá mọ́ mi lára díẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn, torí àwọn tó mọ ọdún yẹn dáadáa ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ọjọ́ orí àwọn tó ń bọ̀. Màámi fúnra wọn, ìkókó ni wọ́n lọ́dún yẹn, nítorí wọn là ń ṣe é lóòótọ́ àmọ́ ẹnu àwọn ẹ̀gbọ́n wọn la ti máa gbọ́ ọ. Àwọn tí mo máa ń wá ni àwọn tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá nígbà yẹn. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ tó bá wọ iléèwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní January 1955, tí wọ́n ní kó gbé ọwọ́ gba orí kó fi kan etí kejì kí tíṣà tó gbà á, ọmọ yẹn ti wà ní páráméríì síìsì lọ́dún 1960. Ó ti mọ̀wé kà, ó ti lè ka lẹ́tà fún ìyá ẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti tó nǹkan bí ọdún 76 báyìí. Tí ẹ bá ní irú wọn kan ṣoṣo nínú ẹbí, ẹ fi mọ́tò ránṣẹ́ kí wọ́n lọ gbé wọn wá, torí ohun tó wà lẹ́nu wọn, ẹ ò lè rí i lórí Google.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ra ẹ́sásáìsì búùkù kan, kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní oṣù tiẹ̀, láti January dé December. Ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, oṣù tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Èyí tí ẹ ò bá rí oṣù fún, ẹ fi sílẹ̀ ná, kò tíì tó gbé jáde. Àwọn ojú ìwé kan máa ṣófo, àwọn míì á kún. Tèmi, August kún débi pé mo lẹ bébà mọ́ ọn, torí orílẹ̀-èdè 17 ló gba òmìnira nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún yẹn, inú August nìkan sì ni mẹ́jọ nínú wọn bọ́ sí. Dahomey ló ṣáájú nínú wọn, ọjọ́ kìíní oṣù, ìyẹn ibi táwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, kò tíì máa jẹ́ Benin nígbà yẹn, ọdún 1975 ló tó gba orúkọ yẹn. Tógò ti gba tiẹ̀ láti 27 April. Ẹ fi ìbéèrè Dahomey yìí sí i o, ó máa ń dùn mọ́ ẹbí tí ìyá wọn ti tajà dé Kútọnu.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1960 ni tẹlifíṣàn WNTV (Western Nigeria Television) bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, torí lọ́kàn tèmi gbogbo nǹkan ńlá ló bá òmìnira wá, mi ò sì wá oṣù fún un. Mo ka ìbéèrè náà tán, ẹ̀gbọ́n màámi ọkùnrin tí a ń pè ní Bàbá Òṣogbo na ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Rárá, ọmọ mi. A ti ń wo tẹlifíṣàn kí òyìnbó tó sọ àsíá ẹ̀ kalẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ. 31 October 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀, ó ku oṣù mọ́kànlá ká gba òmìnira.

Látìgbà yẹn mo wá mọ̀ pé ọdún tó gbajúmọ̀ máa ń fa ti àwọn ọdún tó yí i ká mọ́ra. Àsíá wa náà ńkọ́? Ọdún 1960 la kọ́kọ́ gbé e sókè, àmọ́ ọdún 1959 ni Táíwò Akínkúnmi tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù yà á fún ìdíje, oòrùn pupa kan tiẹ̀ wà láàárín funfun ẹ̀ tó ń tan ìtànṣán, àwọn adájọ́ ló ní kí wọ́n yọ ọ́. (Ìbéèrè tó dára jù nínú gbogbo kúìsì mi nìyẹn: kí ló wà láàárín àsíá wa tí wọ́n yọ kúrò? Àwọn ọmọdé á máa pariwo pé idì ni.) Eré "A Dance of the Forests" tí Wọlé Ṣóyínká kọ, October 1960 ni wọ́n ṣe é fún àjọyọ̀ òmìnira, ọdún 1963 ló tó di ìwé títẹ̀, torí náà tí ìbéèrè yín bá kàn ní "ọdún wo ló jáde," ẹ ti dá ìjà sílẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀, 1962 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún 1963 la di orílẹ̀-èdè olómìnira (republic) tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin mọ́. Àwọn èèyàn máa ń kó gbogbo wọn dà sínú 1960, ẹ má bá wọn kó o.

Bí ẹ ṣe máa béèrè ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣòro jù o. Ẹ wo ìbéèrè yìí: "Ta ni olórí Nàìjíríà lọ́dún 1960?" Ó dà bíi pé kò sí wàhálà nínú ẹ̀, àbí? Ẹni kan á ní Bàlẹ́wà, ó tọ̀nà, òun ni Prime Minister. Ẹlòmíì á ní Síìkì, ìyẹn Nnamdi Azikiwe. Ẹni tó bá mọ ìwé á ní Ọbabìnrin Elizabeth, òun náà ò purọ́. Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn, wọ́n á máa bá ara wọn fà á títí oúnjẹ á fi tutù. Ohun tí mo wá ń béèrè báyìí ni pé: "Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, ta ni Gómìnà-Jẹ́nẹ́rà Nàìjíríà, ìyẹn aṣojú Ọbabìnrin?" Ẹ máa rí i bí gbogbo ilé á ṣe dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Síìkì. Rárá o. Sir James Robertson, òyìnbó, ló ṣì wà níbẹ̀, ó di 16 November kí Síìkì tó gba ipò yẹn. Ọjọ́ tí ẹ dá sínú ìbéèrè yẹn ló yanjú ẹ̀. Bákan náà ni ti apá Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ ló máa búra pé Awólọ́wọ̀ ni Prẹ́míà lọ́jọ́ òmìnira, Akíntọ́lá ni, Awólọ́wọ̀ ti lọ jókòó s'Éèkó, òun ni olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀.

Ẹ wá nǹkan tí ọwọ́ lè bà. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ó ju ìbéèrè ogún lọ. Mo rí owó ẹyọ àtijọ́ díẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà wọ́n, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, àti kọ́bọ̀ tó ní ihò láàárín. Mo kó wọn sínú àwo, mo gbé e yí ká. Sísì yẹn, orí Ọbabìnrin wà lójú kan, kòkó ni wọ́n yà sójú kejì, 1959 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń ná lọ́jọ́ òmìnira. Ẹ̀gbọ́n màámi obìnrin, Ìyá Ìbàdàn, mú un, wọn ò wò ó pàápàá, àtàǹpàkò wọn ni wọ́n fi ń ra á, wọ́n ní, "Sísì lèyí." Wọ́n wá ń sọ bí wọ́n ṣe máa ń so ó mọ́ etí ìró wọn tí wọ́n bá rán wọn lọ́jà kó má bàa jábọ́, àti pé ọjọ́ tó jábọ́ wọ́n wá a dé ojúde ọba. Kò sí ìbéèrè kankan nínú ìwé mi tó lè fa ìtàn yẹn jáde.

Ẹ wá fi ìṣirò tẹ̀ lé e kíákíá. Pọ́ùn kan jẹ́ ogún ṣílè, ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ àtijọ́ (pẹ́nì) méjìlá, sísì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà, tọ́rọ́ jẹ́ mẹ́ta. Ẹ ní: mo fún yín ní pọ́ùn kan, ẹ ra ọjà ṣílè méje àti sísì, èló ni ṣéńjì mi? Àwọn tó ń lo fóònù á ṣì máa ronú nígbà táwọn àgbà á ti dáhùn pé ṣílè méjìlá àti sísì. Ẹ ṣàlàyé fáwọn ọmọ pé January 1973 ni náírà dé, pọ́ùn kan di náírà méjì, ìdí nìyẹn táwọn bàbá wa kan fi ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti náírà ní ṣílè títí wọ́n fi dàgbà.

Ti eré ìdárayá, Òlíńpíìkì Róòmù ti tó, ẹ má lọ jìnnà. Abebe Bikila ará Etiópíà sáré máratọ́ọ̀nù láìwọ bàtà ní 10 September, ó gba góòlù ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 ó lé díẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọmọkùnrin ọdún 18 kan tó ń jẹ́ Cassius Clay ti gba góòlù nínú ẹ̀ṣẹ́, òun la wá mọ̀ sí Muhammad Ali. Nàìjíríà ò gba nǹkan kan níbẹ̀, ọdún 1964 ni Nojim Maiyegun tó gba idẹ fún wa ní Tokyo.

Orin ńkọ́? Victor Ọláìyá àti Cool Cats ni kẹ́ ẹ fi sí i, àwọn ló lu orin níbi ijó ìjọba nígbà òmìnira. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Ebenezer Obey sí i kí ẹ ní orin 1960 ni, ọdún 1964 ló dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù ká fẹ́ràn wọn tó.

Tó bá wá dọjọ́ náà, ẹ má pín àgbà sápá kan kí ẹ pín ọmọdé sápá kejì, mo ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, kò dùn. Àgbà kan, ẹni bíi tèmi kan, ọmọdé méjì, ẹgbẹ́ kan nìyẹn. Kí gbogbo fóònù wà nínú apẹ̀rẹ̀, àyàfi ẹyọ kan tí yóò máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ gbé ìyẹn sítòsí ẹnu àwọn àgbà, kì í ṣe sítòsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìbéèrè ogún ti tó, Yorùbá sì ni kẹ́ ẹ fi bi wọ́n. Ẹ má ka ìṣẹ́jú lé àgbà lórí. Máàkì méjì fún ìdáhùn, máàkì mẹ́ta fún ẹni tó bá sọ ìtàn ara ẹ̀ tó bá ìbéèrè náà mu, ìyẹn lọmọdé fi máa ń tẹ àgbà nínú pé, "Ìyá àgbà, ẹ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́." Tí ìtàn bá gùn, ẹ jẹ́ kó gùn. Ẹ kàn pa ìbéèrè mẹ́ta rẹ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Orin orílẹ̀-èdè ni mo máa ń fi parí ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ lọ́dún 1960, tí òyìnbóbìnrin kan, Lillian Jean Williams, kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, wọ́n pa á tì lọ́dún 1978, wọ́n wá dá a padà ní May 2024. Mo gbé ohùn ẹ̀ sáfẹ́fẹ́ láìsọ nǹkan kan. Ìyá Ìbàdàn dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ iléèwé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní páráméríì tuù náà dìde lápá kejì pálọ̀, torí òun ni wọ́n ń kọ ní àsẹ́ḿbílì wọn báyìí, àwọn méjèèjì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwa tá a wà láàárín sì ń wo ẹnu wọn.