Oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lásán gba ara ẹni sílẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi mí pé ibo ni mo máa ń lọ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé tí mo fi ń ti ṣọ́ọ̀bù. Kíláàsì ni, ó ti parí báyìí, mo wá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ibi tó wúlò dé àti ibi tí agbára ẹ̀ ò dé, torí mo rí i pé àwọn kan ń rò pé téèyàn bá ti kọ́ nǹkan yìí, kò sẹ́ni tó lè mú un mọ́.

Iṣẹ́ POS ni mo ń ṣe, ìtòsí Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ níbí. Lọ́dún tó kọjá, ó ń lọ bíi aago mẹ́jọ alẹ́, mo ti palẹ̀ mọ́, mo ń rìn lọ síbi tí mo ti máa wọ ọkọ̀ Ìjọ̀ka, ni ẹnì kan bá yọ sí mi látẹ̀yìn, ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó ń fi ọwọ́ kejì fa báàgì. Èmi náà di báàgì mú. Mo ń fà á, ó ń fà á, mi ò pariwo, ohùn ò jáde rárá, títí ó fi tì mí lulẹ̀ tó gbé e lọ. Ọrùn ọwọ́ mi wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Owó yẹn dùn mí lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ń jí mi lóru ni ti ohùn yẹn. Èmi tí mo ń pe oníbàárà látàárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ tí mo nílò ohùn, mi ò rí i lò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ fún mi pé bọ̀dá kan wà ní Alágbàká tó ń kọ́ èèyàn ní júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, tipẹ́, pé ó ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì fún àwọn tí kò fẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ kankan, tó kàn jẹ́ pé wọ́n fẹ́ délé láàyè ni. Bọ̀dá Kóòṣì la máa ń pè é. Àwa méjìlá la jọ bẹ̀rẹ̀, obìnrin mẹ́sàn-án, ọkùnrin mẹ́ta, àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, wà níbẹ̀, tíṣà kan wà níbẹ̀, wẹ́dà kan wà níbẹ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ dà bí irin tó ń jó.

Mo rò pé ẹ̀ṣẹ́ la máa kọ́kọ́ kọ́. Rárá. Bí wọ́n ṣe ń ṣubú ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní títì àti kọ̀ǹkéré ló ń pa èèyàn ju ẹ̀ṣẹ́ lọ, pé ẹni tó bá ṣubú sẹ́yìn tí ìpàkọ́ ẹ̀ gbálẹ̀, ìjà ti parí fún un nìyẹn. Àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ̀yìn á ká róbótó, ọwọ́ méjèèjì á gbá ilẹ̀ pàá lẹ́ẹ̀kan náà kí orí má bàa kàn án. Odindi Sátidé méjì la fi ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní ká pariwo. Ó dúró níwájú mi, ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ ní kí n fi yín sílẹ̀." Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Ó ní òun ò gbọ́. Mo tún un sọ. Nígbà tó fi di ìgbà keje ohùn yẹn ya jáde, "FI MÍ SÍLẸ̀!", gbogbo ara mi ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú mi, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú họ́ọ̀lù, tíṣà yẹn kàn wá di mí mọ́ra.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ni ti ọrùn ọwọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá di ọwọ́ yín mú, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ dáadáa, ìka mẹ́rin wà lápá kan, àtàǹpàkò nìkan ló dá wà lápá kejì. Ibi tí orí àtàǹpàkò àti orí àwọn ìka yòókù ti pàdé, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Ẹ má fà á sẹ́yìn bí mo ṣe fà á lọ́jọ́ yẹn, torí ìka mẹ́rin lẹ ń bá jà nígbà náà. Ẹ yí ọwọ́ yín kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó tín-ín-rín kọjú sí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ sún mọ́ onítọ̀hún díẹ̀ kí ìgúnpá lè ká, kẹ́ ẹ wá já a sókè wìì, bí ẹni tó fẹ́ gbé fóònù sétí. Ọmọ FUTA kan tá a jọ ga bákan náà ni mo fi ń dán an wò, ogún ìgbà ló dì mí mú, ogún ìgbà ni mo já. Inú mi dùn débi pé mo rìn délé lọ́jọ́ yẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Kóòṣì ní kí wẹ́dà dì mí mú, kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í, kó sì máa wọ́ mi lọ bí ẹni tó fẹ́ jí mi gbé lóòótọ́. Kò já. Mo yí i, mo ká ìgúnpá, mo gbé fóònù sétí, ó ń wọ́ mi lọ ni. Bọ̀dá Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì wá, ó ní ọ̀gbẹ́ni tó dá júdò sílẹ̀ ní Japan ní 1882, Jigoro Kano, èèyàn kékeré ni, àwọn èèyàn sì máa ń fi ìyẹn sọ pé ìwọ̀n ara ò já mọ́ nǹkan kan, àmọ́ ẹ wo Òlíḿpíìkì, àwọn obìnrin tó ti fi gbogbo ayé wọn kọ́ júdò, ìsọ̀rí méje ni wọ́n pín wọn sí, látorí kílò 48 títí dé àwọn tó ju 78 lọ. Tí ìwọ̀n ò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ni wọ́n ń gbé wọn sórí ìwọ̀n fún? Ó ní tọ́wọ́ bá jẹ́ ti ẹni tó lágbára jù yín lọ, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọkàn ẹ̀ kúrò lára ọwọ́ yẹn, ẹ fi bàtà gbá egungun ojúgun ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ ti imú ẹ̀ sókè. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ o, egungun tó wà lẹ́yìn ìka kékeré máa ń ṣẹ́ tó bá bá agbárí pàdé. Bó bá ti dẹwọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ já, kẹ́ ẹ sá. Kẹ́ ẹ sá ni o.

Ọ̀rọ̀ kan tó sọ tí mi ò gbàgbé: nínú agbo ìjàkadì nílé wa, bí ẹ̀yìn èèyàn bá ti kanlẹ̀, wọ́n á lu ìlù, ó ti tán. Lójú títì, ìgbà tí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀ ni nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí ti ọrùn fífún, a kọ́ ọ, àgbọ̀n á lọ sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á fa apá onítọ̀hún wá sí àyà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n bá fún lọ́rùn, kódà tó bá já tó ń sọ̀rọ̀ tó ń jẹun, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, torí ọ̀nà ọ̀fun lè wú ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá sì tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ẹ̀gbẹ́ ọrùn pa, èèyàn lè dákú ní bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kò sáyè kéèyàn máa ronú.

Ọjọ́ ọ̀bẹ ló yí mi lọ́kàn padà jù. Ó ní kí gbogbo wa wọ aṣọ funfun wá. Ó mú màákà pupa méjì, ó ní ọ̀bẹ nìyí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. A ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ mú o, a ti ṣe é jẹ́jẹ́, ó sì ti ṣe é ṣe. Ẹ wò ó, kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo bojú wo ara mi, ìlà pupa mọ́kànlá ló wà lára aṣọ mi, mẹ́ta ní ikùn, ọ̀kan gùn láti etí dé ọrùn, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó débẹ̀. Wẹ́dà náà ní mẹ́jọ. Ó wá fi tépù wọn ẹsẹ̀ bàtà 21 nílẹ̀, bíi mítà mẹ́fà àbọ̀, ó ní ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Dennis Tueller kọ ọ́ ní 1983 pé ẹni tó mú ọ̀bẹ lè sáré dé ọ̀dọ̀ yín láti ibẹ̀ yẹn ní bíi ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Ọlọ́pàá tó ní ìbọn níbàdí ni ó kọ ọ́ fún! Àwa tí a ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ ju báàgì sí apá kan, ẹ sá gba apá kejì. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, tàbí tí wọ́n bá mú ìbọn, bákan náà ni. Kò sí ọgbọ́n ọwọ́ fún ẹni mẹ́ta. Mo ṣì ní aṣọ yẹn, mi ò fọ̀ ọ́, ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.

Ó tún sọ ti òfin fún wa. Ẹ̀ka 286 nínú Criminal Code tá à ń lò lápá ibí gbà kéèyàn gba ara ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọlù ú láìṣẹ̀, àmọ́ agbára tá a máa lò gbọ́dọ̀ bá ewu náà mu. Ẹni tó bá ti fi yín sílẹ̀ tó ń sá lọ, tẹ́ ẹ bá lé e tẹ́ ẹ lù ú, ẹ̀san nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́jọ́.

Ọjọ́ tá a parí, wọ́n pa iná họ́ọ̀lù, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sítòsí kó lè pariwo, Bọ̀dá Kóòṣì wọ aṣọ onífóòmù àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó lúgọ. Ọ̀nà márùn-ún la kọ́ láti já ọwọ́. Nígbà tó yọ sí mi, mẹ́rin fò lọ lórí mi pátápátá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, etí mi di. Èyí tí mo ti ṣe jù nìkan ló kù. Mo pariwo, mo gbá a lójúgun, mo gbé fóònù sétí, ó já, mo sáré títí mo fi kan ògiri.

Ní báyìí, aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo ń ti ṣọ́ọ̀bù, owó kì í dúró nínú báàgì mọ́, ẹni tó bá sì fa báàgì máa mú un lọ. Nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò wa wà lórí fóònù mi pẹ̀lú 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Bọ̀dá Kóòṣì ní láàárín oṣù mélòó kan ara á ti gbàgbé tí a ò bá ń ṣe é, torí náà láràárọ̀ kí Tóbi tó lọ sílé-ìwé, ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá la ń ṣe é nínú ọgbà. Láàárọ̀ yìí mo di ọwọ́ ẹ̀ mú gan-an, mi ò rọra mú un. Ó pariwo débi pé ìyá onílé yọjú. Ó gbé ọwọ́ sétí, ó já, ó ti dé géètì kí n tó yíjú. Mo ní kó padà wá, ó ku mẹ́sàn-án.