Ẹ Kọ́kọ́ Wá Òkùnkùn: Bí Mo Ṣe Ń Ṣe Sẹ́ńsọ̀ PSA

Sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe mọ́lẹ̀ yòò. Mo pe gbogbo ará yàrá ìwádìí wá wò ó. Ìgbà tó yá ni mo wọn ihò kan lára àwo rẹ̀, èyí tí n kò fi PSA, púrótéènì tó yẹ kí sẹ́ńsọ̀ náà wá, kankan sí: òun náà mọ́lẹ̀ yòò. Àṣé asán ni gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òkùnkùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

PSA ni púrótéènì tí prostate ọkùnrin, ẹṣẹ́ kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà ti ń lo nánógíráàmù 4 nínú mìlílítà kan gẹ́gẹ́ bí ààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń mú un lọ sókè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ abẹ yọ prostate, 0.2 péré ti tó láti fura pé àrùn náà ti padà. Torí irú ìwọ̀n kékeré yìí ni mo ṣe ń lo quantum dot, hóró tó ń mọ́lẹ̀ bí a bá tan iná sí i, tí kò sì ju nánómítà (ìdá bílíọ̀nù mítà kan) díẹ̀ lọ. Bó bá ṣe tóbi sí ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n sí, kì í sì í tètè ṣá. Cadmium wà nínú púpọ̀ wọn: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì dà á sí ibi ìfọwọ́.

Àwo oníhò 96 tó dúdú ni kí ẹ lò, torí funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ da áńtíbọ́dì àkọ́kọ́, púrótéènì tó ń di PSA mú, sí i, kó wà nínú fíríìjì mọ́jú, kí ẹ fọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti kùnà nìyí: ibi tí áńtíbọ́dì kò bò lára ihò náà ṣì ń di ohunkóhun tó bá kàn án mú, títí kan quantum dot. Ẹ fi BSA (púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) 1% bò ó fún wákàtí kan gbáko. Ẹ má kánjú o.

Ẹ fi EDC àti NHS, kẹ́míkà méjì tó ń so nǹkan pọ̀, so áńtíbọ́dì kejì mọ́ quantum dot; òun náà ń di PSA mú, kí ìmọ́lẹ̀ lè wà níbi tí PSA bá wà. EDC kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó gan-an ni kí ẹ pò ó. Ẹ má lo Tris, omi kẹ́míkà tí a sábà máa ń pò nǹkan sí, òun ni yóò gba ìsopọ̀ náà mọ́ áńtíbọ́dì lọ́wọ́.

Ẹ wá da omi ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò sí i, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi áńtíbọ́dì kejì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, PBS (omi iyọ̀) tó ní Tween-20 (irú ọṣẹ kan) 0.05% ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ nígbà márùn-ún. Mo máa ń dojú àwo náà dé, kí n gbá a mọ́ bébà títí bébà náà kò fi ní tutù mọ́.

Ihò 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ òfo: kí gbogbo nǹkan wà níbẹ̀ àfi PSA. Omi ẹ̀jẹ̀ obìnrin dára fún èyí, torí PSA inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ ṣírò standard deviation àwọn òfo náà, ìyẹn bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ wá fi slope (bí ìlà ṣe dagun tó) ìlà tí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ìwọ̀n PSA tí ẹ ti mọ̀ yà pín in. Ohun tó bá kéré sí èyí, ẹ má sọ pé ẹ rí i.

Bí àwọn òfo yẹn bá yàtọ̀ síra jù, n kì í wo ihò tó kù. Mo ń tún àwo mìíràn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, torí bí sẹ́ńsọ̀ yìí bá dé ọwọ́ dókítà lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan lè lọ gba ìtọ́jú onítànṣán nítorí nọ́ńbà tí mo kọ.