Ẹni Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Rẹ̀ Kì Í Já Ni Kó Ṣe Oníṣègùn: Bí Ẹ Ṣe Lè Jọ Ṣe Albion Online

Tí ẹ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ márùn-ún tí ẹ fẹ́ jọ wọ Albion Online, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè ohun tó wu kálukú. Tafàtafà ni gbogbo ayé máa fẹ́ jẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè pé: fóònù ta ló máa ń gbóná tí wọ́n bá lò ó fún wákàtí kan? Ọ̀dọ̀ ta ni iná kì í ti í lọ lálẹ́? Ta ló ní Wi-Fi, ta ló sì ń ra mẹ́gà (dátà) díẹ̀díẹ̀? Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ fi pín iṣẹ́.

Aránṣọ ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ni mò ń ṣeré, àwọn tá a jọ ń ṣe é kò sì sí lójú kan: àbúrò mi ọkùnrin ń kàwé ní Abomey-Calavi, ọ̀rẹ́ mi kan ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́, ẹ̀gbọ́n kan tó ń gun zémijan (ọ̀kadà) wà ní Pọ́bẹ̀, bùrọ̀dá mi kan sì wà ní Mẹ́kọ̀, lódìkejì bodè ní Nàìjíríà.

Eré ayé àròsọ ni Albion: idà, ẹṣin, ọ̀pá oṣó, ihò abẹ́ ilẹ̀ tó kún fún òkú tó ń rìn. Ilé iṣẹ́ Sandbox Interactive ní Berlin, ní Jámánì, ló ṣe é. Ọdún 2017 ló jáde. Ní 2019 wọ́n yọ owó ìwọlé kúrò. Ní 2021 ó dé orí fóònù. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló jẹ́ ká mú un, torí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àti ẹni tó ní Android olówó pọ́ọ́kú jọ ń rìn nínú ayé kan náà. Premium wà fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó. Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹnu kò lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí eré yín máa wà lórí rẹ̀. Mẹ́ta ló wà: Amẹ́ríkà, Éṣíà àti Yúróòpù. Ẹ̀dá inú eré tí ẹ bá dá sílẹ̀ lórí ọ̀kan kò lè kọjá sórí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni owó àti aṣọ rẹ̀ kò lè bá a lọ. Ti Yúróòpù, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ló sún mọ́ wa jù ní Benin. Ibẹ̀ ni kí gbogbo yín lọ. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè yí èdè rẹ̀ sí Faransé. Ẹ sì rántí pé UTC, aago àgbáyé, ni aago inú eré, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀: aago mẹ́jọ alẹ́ nínú eré, aago mẹ́sàn-án ni ní Kétu.

Wọn kì í bí ènìyàn ní jagunjagun tàbí oṣó nínú Albion. Ohun tó o wọ̀ àti ohun tó o mú lọ́wọ́ ni iṣẹ́ rẹ. Bọ́ aṣọ irin, gbé ọ̀pá, o ti di ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ohun ìjà kọ̀ọ̀kan ní ìrírí tirẹ̀ tí o máa fi lílò kó jọ, ẹni tó bá sì ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ kò ní gòkè níbì kankan. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́. Èkíní ni ẹni tó ń dúró níwájú kí àwọn ọ̀tá máa lù ú, èyí tí àwọn aṣeré ń pè ní tank. Àwa ń pè é ní Ìdẹ́nà, torí bíi ti Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ọ̀tá kankan kò gbọdọ̀ gba ara rẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Aṣọ irin ló ń wọ̀, kùmọ̀ tàbí òòlù ló ń lò. Èkejì ni Oníṣègùn, ẹni tó ń wo ọgbẹ́ àwọn yòókù sàn. Ọ̀pá méjì, Holy Staff àti Nature Staff, ló wà fún un. Mo fara mọ́ Holy Staff fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí pé ti Nature máa ń wo ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹni tó ti mọ ìgbà tí ìyà ń bọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù, Ọdẹ ni wọ́n. Ọrun, iná, idà, èyí tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n mú.

Ẹ wá wo ìdí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń pín iṣẹ́. Tí ti Ọdẹ kan bá já láàárín ìjà, ìjà á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i. Tí ti Oníṣègùn bá já, Ìdẹ́nà á ṣubú, gbogbo yín á sì tò tẹ̀ lé e. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn wà lórí ṣọ́ọ̀bù mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa sì máa ń dúró lálẹ́, ni mo ṣe di Oníṣègùn. Ẹ̀gbọ́n wa ti Pọ́bẹ̀ ló tẹ̀ lé mi. Idà ló ń wù wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kùn gan-an nígbà tá a gbé òòlù lé wọn lọ́wọ́. Ní báyìí wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi tó ń fi mẹ́gà ṣeré nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ń ta ọfà. Ó ń já, ó ń padà, a kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Tí fóònù bá ń gbóná, ẹ dín bí àwòrán ṣe dán tó kù nínú ètò eré, kí ẹ sì ti gbogbo ohun mìíràn tó wà ní ṣíṣí. Ẹ ṣí eré náà ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ máa ṣe é: tí wọ́n bá ti tún un ṣe, ó máa ní kí ẹ gba nǹkan sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹni kan máa gbà á sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án tí àwọn mẹ́rin ń dúró dè é.

Láti kó ara jọ, ẹ pàdé nínú ìlú kan, ẹ tẹ orúkọ ara yín, ẹ pe ara yín sínú party, ìyẹn ẹgbẹ́ inú eré. Ẹ tún aṣọ ṣe, ẹ ra oúnjẹ àti oògùn ìgò. Ní ẹnu ihò, Ìdẹ́nà ni kó kọ́kọ́ wọlé. Kó lu àwọn ọ̀tá díẹ̀, kó fà wọ́n sí igun kan, kí àwọn Ọdẹ sì ní sùúrù títí gbogbo wọn á fi dojú kọ ọ́. Ọdẹ tó bá yára ta ọfà, òun ni wọ́n máa sáré bá, aṣọ tó wọ̀ kò sì lè gbà á. Oníṣègùn á dúró níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti lè dé ọ̀dọ̀ Ìdẹ́nà, kó má sún sẹ́yìn kan ọ̀wọ́ ọ̀tá mìíràn, kó sì kígbe kí agbára rẹ̀ tó tán.

Igbe yẹn gba ọgbọ́n láàárín àwa Yorùbá. Èmi, àbúrò, báwo ni mo ṣe fẹ́ pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n Pọ́bẹ̀ pé "padà sẹ́yìn"? Tí mo bá sì ní kí n sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa bọ̀," wọ́n á ti kú. Iṣẹ́ la fi ń pe ara wa: "Ìdẹ́nà, ẹ̀yìn!" "Ọdẹ, dúró!" "Ó yá!" Orúkọ oyè ni, ẹnikẹ́ni kò rí i fín. Bí a bá jáde tán, mo kúnlẹ̀ lórí fóònù, mo kí wọn dáadáa. Láti máa gbọ́ ohùn ara yín, áàpù Discord tàbí ìpè ẹgbẹ́ lórí WhatsApp, èyíkéyìí dára. Discord la fi ń ṣe tiwa. Bùrọ̀dá mi ti Mẹ́kọ̀ nìkan ló ń pa òwe lójú ìjà, a sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbà tí a bá padà dé ìlú.

Ẹ ṣe àdéhùn ìpín kí ẹ tó wọ ihò. Fàdákà, owó inú eré, tó ń já bọ́ lára ọ̀tá, eré fúnra rẹ̀ ló ń pín in fún àwọn tó wà nítòsí. Ẹrù tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ní tiwa, ẹnìkan ló ń kó o, yóò tà á ní ọjà ìlú, a ó yọ owó àtúnṣe ẹni tó bá ṣubú, ìyókù di ọgbọọgba. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọjà tirẹ̀, iye kì í dọ́gba, nítorí náà ẹ wo ti ibòmíràn kí ẹ tó tà. Àwọn ẹ̀wù Ọdẹ wa, èmi ni mò ń rán wọn ní Mage's Tower, ilé tí wọ́n ti ń rán aṣọ nínú eré: òwú ni ti ìpele kejì, ewéko flax ni ti ìkẹta, ewéko hemp ni ti ìkẹrin. Àwọn oníbàárà mi inú eré kì í sọ fún mi pé ọ̀la ni ìnáwó.

Àwọ̀ agbègbè ló kù, èyí tó ń fi hàn bí ibì kan ṣe léwu tó. Búlúù kò ní wàhálà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ara yín. Ní yẹ́lò, àwọn aṣeré mìíràn lè lù yín lulẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ yín á wà lára yín. Ní pupa àti dúdú, ẹni tó bá pa yín lè kó ohun tí ẹ wọ̀ àti ohun tí ẹ gbé. Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ fi èyí tó dára sí báńkì ìlú, ẹ wọ aṣọ tí ẹ lágbára láti tún rà. Màlúù ń gbé ẹrù púpọ̀, àmọ́ kò lè sáré. Ẹṣin ni kí ẹ gùn. Tí mẹ́ta nínú yín bá sì ti ṣubú, kí àwọn méjì tó kù má gbèjà ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sá.