Ọgọ́jọ àti mẹ́rìndínlógún

Bac série D, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama ti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ni mo gbà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá ti gba irú rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ará ilé máa ń bi í: ṣé dókítà lo máa ṣe? Èmi ò fẹ́ ṣe dókítà. Ẹni tó ń dúró ti aláìsàn láàárọ̀ lálẹ́ ni mo fẹ́ jẹ́, ẹni tí a ń pè ní infirmier lọ́dọ̀ wa, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni mo ti kọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta ni licence náà, ìyẹn oyè àkọ́kọ́, sáà ẹ̀kọ́ mẹ́fà, kírẹ́dì 180. Àwọn àbúrò tó ń bi mí nípa rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ibi tó le gan-an kọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ìwé kíkà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lóòótọ́, ọdún àkọ́kọ́ wúwo: egungun, iṣan, oògùn, ìmọ́tótó, gbogbo rẹ̀ lédè Faransé. Ìṣirò náà wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí omi 500 mílílítà wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí 4. Mílílítà kan jẹ́ ẹ̀kán 20, ẹ̀kán 10,000 nìyẹn nínú ìṣẹ́jú 240, bí ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mò ń ṣe é lálaalẹ́ nínú yàrá tí mo háyà nítòsí ọjà Ouando, títí n ò fi nílò bébà mọ́. Ẹni tó bá jókòó tì í á mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wíwọ̀n ló le.

Ẹni tó ń wò ó lókèèrè á rò pé kò ju ká wé nǹkan mọ́ apá lọ. Olùkọ́ wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Tàǹtí, fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kọ́ wa ní èyí nìkan. Ó ní láti 1905 ni Korotkoff, oníṣẹ́ abẹ ará Rọ́ṣíà, ti ṣàlàyé ìró tí à ń gbọ́ nínú apá bí afẹ́fẹ́ bá ń tú sílẹ̀ nínú ìdè tí a wé mọ́ ọn. Ìró tó bá kọ́kọ́ dún ni nọ́ńbà òkè. Ibi tó bá ti dákẹ́ pátápátá ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni n ò fi gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ Sakété ni Tàǹtí, lọ́jọ́ kẹrin ó pa Faransé tì, ó mú ìka mi, ó gbé e lé ibi tí iṣan ti ń lù nínú ìgbọ̀nwọ́ ọmọ kíláàsì mi. Ó ní, "Má fi ojú wá a. Ìka ni kó o fi wá a." Mo gbé ohun èlò ìgbọ́kàn síbẹ̀, mo sì gbọ́ ọ, kú, kú, kú, bí ẹni ń gúnyán lágbo ilé kejì.

Kí a tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìdè náà, aláìsàn gbọ́dọ̀ ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí apá wà lọ́gbọọgba ọkàn. Ìdè tó bá kéré jù fún apá á mú nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Aláìsàn kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé e sókè.

Èyí tó kẹ́yìn yìí dà mí láàmú nígbà stage, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ta ló máa jókòó síwájú àgbà láìkí i? Bàbá á wọlé, màá kúnlẹ̀, wọ́n á bèèrè ilé, wọ́n á bèèrè bàbá mi. Bí mo ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìdè lọ́wọ́ ni wọ́n ṣì ń súre. Níkẹyìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ká kíra tán pátá, kí n tó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ọkàn yín ń sọ. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún un." Kò sí ẹni tó bínú sí i rí. Nígbà àkọ́kọ́, apá méjèèjì la máa ń wọ̀n. Ìyá àgbà kan ní àwọn ò ní na ọwọ́ òsì sí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kí wọ́n má nà án, kí wọ́n ṣáà gbé e lé tábìlì.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣe stage, ọ̀gá kan tó dàgbà ju ìyá mi lọ sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kí n da nọ́ńbà àná kọ sínú ìwé gbogbo aláìsàn, torí iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀ mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tó jẹ́ 13/8 lánàá, bí a ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wa, ti di 18/11. Mo sáré bá major, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n pe dókítà, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni aláìsàn fọkàn tán, kò yẹ kó parọ́ mọ́ ọn.

Ọdún kẹta ni mo padà sí agbègbè Kétu, ní abúlé kan nítòsí ààlà. Màmá kan wá síbẹ̀, oníṣòwò tó ń lọ sí Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà. Wọ́n kọ 160/100 fún wọn ní òdìkejì. Nígbà tí Màmá délé, wọ́n wọ̀n wọ́n lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní seize-dix, ìyẹn 16/10. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì pa oògùn tì. Ọgọ́jọ ti di mẹ́rìndínlógún!

Nọ́ńbà kan náà ni. Gíga mákúrì inú ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ni à ń kà: mìlímítà ni Nàìjíríà ń lò, sẹ̀ǹtímítà làwa tá a jogún àṣà Faransé sábà máa ń sọ, mìlímítà 10 ló sì wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Láti 14/9 sókè la ti ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo ní, "Màmá, tí ẹ bá fi agolo wọn gàrí lọ́hùn-ún, tí ẹ délé tí ẹ fi abọ́ ńlá wọ̀n ọ́n, ṣé gàrí ti dín ni?"

Wọ́n dákẹ́. "Kò tíì wálẹ̀ nìyẹn?"

"Kò tíì wálẹ̀, Màmá."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ṣe mémoire mi, ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí mo ń gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn ní kí n pa Faransé tì, kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Màmá. Mo sọ ọ́, pẹ̀lú agolo àti abọ́.

Kí stage náà tó parí, Màmá ti padà wá. Oògùn ti wọlé ara: 14/8. Wọ́n bi mí pé èló nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn ará Ìmẹ̀kọ. Mo ní 140 lórí 80. Wọ́n na ìwé wọn sí mi, wọ́n ní kí n kọ méjèèjì sílẹ̀.