Bí mo ṣe gba ajá wa lọ́wọ́ sísá jáde

Ajá wa kì í ṣe olórí kunkun, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ọ̀kadà bá ti bú ramúramù ní títì Mọ́kọ́lá, tí ẹnìkan sì ṣílẹ̀kùn, ó ti fò jáde nìyẹn. Lílù ò wúlò, ńṣe ló ń dá kún ẹ̀rù ọ̀hún.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé. Mo fi okùn sí i lọ́rùn, mo ní kó jókòó, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Bó bá dìde, mo ti ilẹ̀kùn pa, láìpariwo. Bó bá jókòó síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ màlúù bíbọ̀ bíńtín, èyí tí mo rà ní Bódìjà, bọ́ sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. (Ajá wo ló máa kọ ẹ̀dọ̀?) Díẹ̀díẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, kò mira. Ó di ìgbà tí mo bá ní "Ó yá" kó tó dìde.

Àwọn ọmọ ilé ló fẹ́ bà á jẹ́, wọ́n ń pè é látìta. Mo kìlọ̀ fún wọn.

Bó bá ráyè sá, ẹ má lé e, eré ló máa kà á sí. Ẹ kẹ̀yìn sí i, kẹ́ ẹ sáré lọ sódìkejì, kẹ́ ẹ máa pè é. Lásìkò bángà Kérésì, yàrá ni mò ń tì í mọ́, pẹ̀lú rédíò.